Ìgò Ẹ̀jẹ̀ Tí N Kò Yí

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi jù, ó sì gbọ́dọ̀ jáde kí ẹ̀mí mi tó jáde. Èmi tí gbogbo ẹbí ń pè ní Dókítà, tí n kì í ṣe dókítà rárá, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ohun tó pa ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Èmi náà ni mo sì gbé ẹ̀bi ikú náà lé ọmọ rẹ̀ lórí, ọmọ tó tọ́jú rẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Àwọn tó ni ọ̀ràn ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n gbangba ni mo ti ba ọmọ yẹn jẹ́, a kì í sì í ba èèyàn jẹ́ ní gbangba ká wá bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí rí. Ẹ má tíì ṣàánú mi o. Ẹ gbọ́ ọ tán ná.

Ohun tó là mí lẹ́nu kò tó nǹkan. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni mo wà, àrùn jẹjẹrẹ ti wọ̀ mí níkùn, ẹsẹ̀ mi òsì sì wú débi pé sálúbàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Obìnrin tó ń gba ẹ̀jẹ̀ wọlé, ó dúró tì mí, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀jẹ̀ tí mo gbà lára yín láàárọ̀ ti dì nínú ìgò. Àṣìṣe mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gba òmíràn." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá. Àṣìṣe mi ni! Ọ̀rọ̀ tí èmi kò lè sọ láti ọjọ́ yìí wá, obìnrin yìí sọ ọ́, àjà kò wó lù ú, ẹnikẹ́ni kò lé e níṣẹ́. Mo na apá sí i, ni mo bá bú sẹ́kún. Ó rò pé abẹ́rẹ́ ló dùn mí. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá, ó ti tán," ló ń wí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni, ìyá mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mo ṣe, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín. Láàbù ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìgò kékeré kan wà tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, oògùn díẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí o bá ti gba ẹ̀jẹ̀ sínú rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni kí o rọra dojú rẹ̀ kọlẹ̀, kí o tún gbé e dìde, kí o máa ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra títí ẹ̀jẹ̀ àti oògùn á fi pò pọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó wọṣẹ́ lánàá mọ̀ ọ́n. Bí o kò bá yí i, ẹ̀jẹ̀ á dì, èyí tó bá sì ti dì, dídà nù ni, kí a lọ gba òmíràn. Ìdí ni pé àwọn èérún kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n sáré lọ dí ojú ọgbẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì nínú ìgò, inú ìdì yẹn ni wọ́n á kó sí. Ẹ̀rọ á wá ka ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù, á ní wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára aláìsàn, bẹ́ẹ̀ wọ́n kún ara rẹ̀ fọ́fọ́. Èmi ni ọ̀gá níbẹ̀, mo sì le koko. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọ̀ràn yìí, mo bú obìnrin kan níṣojú gbogbo ènìyàn torí pé ẹ̀jẹ̀ dì sínú ìgò tó gbà. Mo ní, "Ṣé ọwọ́ lo fi ń ṣiṣẹ́ ni àbí ẹsẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, orí mi sì wú.

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi yìí. Òun ló tọ́ mi dàgbà nígbà tí àwọn òbí wa kú. Aṣọ ilé ìwé tí mo kọ́kọ́ wọ̀, àjákù aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ ló fi rán an: apá kan funfun, apá kejì fẹ́ jọ funfun. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Fi wọ́n sílẹ̀, ọkọ mi. Lọ́jọ́ tí o bá wọ kóòtù funfun, wọ́n á dákẹ́." Mo wọ kóòtù funfun lóòótọ́, òun ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Dókítà, ni gbogbo ilé bá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo mọ̀ pé n kì í ṣe dókítà, n kò sì tún un ṣe. Ó dùn létí.

Nígbà tí jẹjẹrẹ mú un ní ilé ọmọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó kéré jù ló kó lọ bá a gbé. Ìyá Kékeré là ń pè é, torí láti kékeré ló ti máa ń ṣe bí ìyá àgbà fún gbogbo ènìyàn: á ní kí o bọ́ bàtà rẹ, á bi ọ́ bóyá o ti jẹun, á ní kí o má jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi fi wú. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin onísùúrù kan, ṣàlàyé fún wa pé jẹjẹrẹ àti ẹ̀jẹ̀ dídì, ọ̀rẹ́ burúkú ni wọ́n. Àrùn náà máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Àwọn èérún tó ń dí ojú ọgbẹ́ yẹn, àwọn náà máa ń ràn án lọ́wọ́: wọ́n máa ń bo sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ mọ́lẹ̀ bó ṣe ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, tí àwọn ọmọ ogun ara kò fi ní rí i. Ó ní kí wọ́n máa gún un ní abẹ́rẹ́ kan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ojoojúmọ́, lábẹ́ awọ ikùn. Ìyá Kékeré kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún un. Ẹ̀gbọ́n mi á sùn sílẹ̀, á ká aṣọ sókè, á ní, "Ẹ wá wò ó, ọmọ mi ti di aránṣọ, ikùn mi ló fi ń kọ́ṣẹ́." Gbogbo wa á sì rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin kan wà tó máa ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò orí fóònù, tó ń kọ́ àwọn aláìsàn pé kí wọ́n máa febi panú. Ìyá Kékeré gbọ́ ọ, ó sì wá bi mí. "Bọ̀dá Dókítà, ṣé òótọ́ ni pé bí ebi bá ń pa ara, àwọn sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìdọ̀tí inú ara wọn? Ọkùnrin yẹn ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe jẹ jẹjẹrẹ náà tán." Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn ni mo mọ̀. Òótọ́ ni pé sẹ́ẹ̀lì máa ń jẹ ara rẹ̀: á kó ohun tó ti gbó nínú rẹ̀ jọ, á jẹ ẹ́, á fi ṣe agbára. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ mọ ọgbọ́n yẹn pẹ̀lú. Bí ebi bá pa á, ó lè jẹ díẹ̀ nínú ara rẹ̀, kó fara dà á, kó sì yè é, nígbà tí ẹni tó ń ṣàìsàn ń gbẹ lọ. Ká ní mo sọ pé, "Ọmọ mi, jẹ́ ká bi dókítà rẹ̀," kí ni ì bá já lára mi? Ṣùgbọ́n ṣebí Dókítà ni wọ́n ń pe èmi náà. Mo ní, "Òótọ́ ni. Ó wà nínú ìwé. Ẹ máa ṣe é." Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í febi panú nìyẹn, títí aṣọ fi ń yọ̀ bọ́ léjìká rẹ̀. Nígbà tí dókítà rẹ̀ gbọ́, inú bí i, ó ní kí wọ́n jáwọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ìyá Kékeré jáwọ́, ó sì wá sọ fún mi: "Bọ̀dá, wọ́n ní kò dára fún un. A ti dá a dúró. Màámi ti jẹun." Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, mo sì dáhùn pé ó dára.

Lẹ́yìn ìgbà náà, ara ẹ̀gbọ́n mi ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ó wá sí láàbù láàárọ̀ ọjọ́ kan fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì wọlé. Mo lé àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sẹ́yìn. "Ẹ kúrò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gún ẹ̀gbọ́n mi bí kò ṣe èmi." Iṣan rẹ̀ ti sápamọ́. Mo gún un níbí, mo gún un lọ́hùn-ún. Ó ń ké, ó sì ń rẹ́rìn-ín: "Dókítà, ṣé abẹ́rẹ́ lo mú dání ni àbí ìṣó?" Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ wá jáde, mo gbà á, mo dé ìgò náà, mo sì tì í bọ àpò kóòtù mi. N kò yí i. Mo fà á dìde, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, a sì dúró síbẹ̀, à ń sọ̀rọ̀ ìbátan wa kan tó ra mọ́tò láìmọ̀ ọ́n wà, tó kàn máa ń jókòó sínú rẹ̀ níwájú ilé, tó ń gbọ́ rédíò. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgò wà nínú àpò mi, ó dúró jẹ́ẹ́.

Nígbà tí mo máa yọ ọ́, ó ti dì. Ìdì dúdú kan wà nínú rẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ adìẹ. Mo wo ojú fèrèsé, mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó ṣì ń rọra rìn lọ ní àgbàlá, tó di Ìyá Kékeré, tó sìn ín wá, lọ́wọ́ mú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo bá pè é, á gbọ́. Mo sọ fún ara mi pé àánú rẹ̀ ló ṣe mí, pé iṣan rẹ̀ ti jìyà tó lọ́jọ́ yẹn. Irọ́ ni! Obìnrin tí mo bú ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá jókòó lápá ọ̀tún mi, ẹnu rẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù. Mo mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo fi yọ ìdì náà, mo jù ú sínú ike ìdọ̀tí, mo gbé ìyókù fún ẹ̀rọ. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Onígíláàsì, òun nìkan ló rí mi. Ó ní, "Ọ̀gá, kí lẹ yọ níbẹ̀ yẹn?" Mo ní, "Kí lo rí?" Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. "Mi ò rí nǹkan kan o, ọ̀gá. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ojú rẹ̀ kì í ríran jù." Bí àwa méjèèjì ṣe dìmọ̀lù nìyẹn, láìsọ ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ẹ̀rọ ka ohun tó rí. Ó ní àwọn èérún náà ti lọ sílẹ̀ gan-an. Dókítà ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló pè mí. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èsì yìí ń bà mí lẹ́rù. Bó bá jẹ́ òótọ́, mo gbọ́dọ̀ dá abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró, kí ẹ̀jẹ̀ má lọ máa dà nínú rẹ̀ tí kò ní dá. Ṣé ó dá yín lójú pé kò dì nínú ìgò? Ṣé ká tún gba òmíràn?" Ẹ ò rí i bó ṣe ṣílẹ̀kùn fún mi gbayawu? Kí n sáà ti wọlé. Mo ní, "Mo fi ojú ara mi yẹ̀ ẹ́ wò, kò dì. Ẹ̀gbọ́n mi mà ni. Ṣé mo lè fi ẹ̀gbọ́n mi ṣeré ni?" Ó ní, "Ẹ ṣeun sà. Ọkàn mi balẹ̀ torí pé ẹ̀yin lẹ ṣe é." Ó ní kí Ìyá Kékeré dá abẹ́rẹ́ náà dúró títí di àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ náà kò pé. Ìyá Kékeré pè mí lórí fóònù. "Bọ̀dá, ẹsẹ̀ Màámi tún ti wú. Ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ń pe dókítà, kò gbé e. Ṣé kí n fún un ní abẹ́rẹ́ yẹn?" Mo mọ̀ pé kó fún un ni. Gbogbo ara mi ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó fún un, wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí mo fi yí ohùn padà, wọ́n á tún ẹ̀jẹ̀ gbà, àṣírí á tú. Mo ní, "Má dán an wò! O fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ya pa ìyá rẹ ni? Gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí ìrọ̀rí." Ìrọ̀rí o! Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì lọ jẹun. Ìdì ẹ̀jẹ̀ náà já kúrò ní ẹsẹ̀, ó lọ há sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kó tó di pé wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀gbọ́n mi ti kú.

Ẹ rò pé ó tán? Èyí tó burú jù ló kù. Lẹ́yìn ìsìnkú, a jókòó sí pálọ̀ ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà, Àkọ́bí, awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, ẹni tí ìbínú rẹ̀ máa ń yára ju ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní, "Bọ̀dá Dókítà, ẹ ṣàlàyé fún wa. Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ tó dì ló pa Màámi. Kí ló dé tó fi dì?" Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo ti wá ka ìwé tó yẹ kí n ti kà tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo sì lò. Mo ní jẹjẹrẹ máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, òótọ́ sì ni. Mo ní bí ebi bá pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ó lè jẹ ara rẹ̀ kó sì le sí i, òótọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo wá so méjèèjì pọ̀ níbi tí wọn kò ti pàdé lára ẹ̀gbọ́n mi: mo ní ebi tí wọ́n fi pa á ló mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ki, òun ló sì pa á. Ìyá Kékeré fò dìde. "Bọ̀dá, ẹ̀yin ni mo bi! Ẹ̀yin lẹ ní ó wà nínú ìwé! A sì ti jáwọ́ ńbẹ̀, mo sọ fún yín!" Mo wò ó lójú kòrókòró, èmi tí mo gbé e jó ní kékeré. Mo ní, "Èmi kẹ̀? Nígbà wo? Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́, ìbànújẹ́ ló ń dà ọ́ lórí rú." Ohùn jẹ́jẹ́ ni mo fi sọ ọ́. Ká ní mo pariwo ni, bóyá ẹnìkan ì bá fura. Àkọ́bí nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Jáde nílé mi. O febi pa ìyá mi!" Ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá rẹ̀ ti ní kó jẹ́ tirẹ̀, wọ́n gbà á. Wọ́n kò lọ síbi ìgbéyàwó rẹ̀. Nígbà tó bímọ, ẹnu èrò ọ̀nà la ti gbọ́. Bí mo bá sì pàdé rẹ̀ lójú pópó, á kí mi: "Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá." Kò bú mi rí. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbàdúrà pé kó bú mi.

Lẹ́yìn tí obìnrin tó gba ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ, mo ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Àkọ́bí wá, ó ti hewú. Ìyá Kékeré wá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò jókòó, ẹnu ilẹ̀kùn ló dúró sí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ìgò, igi, fóònù, irọ́, n kò fi ìkan pa mọ́. Mo ti rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, màá sọ̀ ẹrù kúrò lórí ọmọ náà. Àní mo ti ń retí kí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, òmùgọ̀ àgbà. Ìyá Kékeré ní, "Bọ̀dá, lọ́jọ́ tí mo pè yín yẹn, ká ní mo fún Màámi ní abẹ́rẹ́ náà, ṣé wọn ì bá yè?" Ẹnu mi fẹ́ purọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, irọ́ àánú lọ́tẹ̀ yìí. Mo kọ̀ fún un. Mo ní, "N kò mọ̀ dájú. Ó ṣeé ṣe." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Mo ti ṣí i. Mo ti ká aṣọ wọn sókè. Màámi ń sọ fún mi pé kí n gún un jàre, kí n má dá yín lóhùn. Mo ní rárá, pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Mo dé e padà."

N kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé kí wọ́n gún un, ọmọ rẹ̀ sì gbà mí gbọ́ ju ìyá rẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni Àkọ́bí dìde lórí àga, ọkùnrin fìrìgbọ̀n bẹ́ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àbúrò rẹ̀, ó fi ojú bolẹ̀. Ìyá Kékeré bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà á lápá. "Dìde. Ilẹ̀ ilé ìwòsàn dọ̀tí." Àkọ́bí kò dìde. Ni òun náà bá jókòó tì í sórí ilẹ̀ dídọ̀tí náà, àwọn méjèèjì jọ sunkún. Kò wo ìhà ọ̀dọ̀ mi títí wọ́n fi jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ń fi oyè pè yín kí ẹ tó mọ iṣẹ́: bó bá dì, ẹ ní ó dì. Ìtìjú ọjọ́ kan ni. Tèmi ti di ti ayérayé. Ìyá Kékeré, ìwọ ni mo fi èyí tó kù bá sọ̀rọ̀. N kò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí, n kò tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀: má gbé abẹ́rẹ́ tí o dé padà yẹn kọ́ ọrùn ara rẹ. Mo mọ̀ ọ́, mo mọ̀ pé o ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu, àgbà ló purọ́. Ọwọ́ rẹ mọ́. Èmi ni mo pa á.